Ẹni Tí A Ní Ó Lọ sí Kánádà

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ohun tí ọmọ yìí ń ṣe sílẹ̀: ọjọ́ tó jẹun, ọjọ́ tí kò jẹun, ọjọ́ tó jáde nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní n kò mọ̀wé. Ó ní kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Olúkẹ́mi tó ń ṣe fotokópì níwájú ilé wa ní Agbowó ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ìwé tirẹ̀ tún un ṣe.

Ẹwàolúwa lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Fèyísọ́lá ọmọ mi ló bí i. Fèyísọ́lá kú lóṣù kẹjọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bàbá ọmọ ti ní ilé mìíràn ní Àbújá, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ mi lọmọ ti wá lo ọlidé nígbà tó ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ mi náà ló ṣì wà. A kò sọ fún un. Olúrótìmí, àkọ́bí mi, ló ní kí a sọ pé ìyá rẹ̀ ti lọ sí Kánádà. Ó rọrùn láti gbà gbọ́. Ta ni kì í lọ lóde òní? Ta sì ló ń sọ kó tó lọ? Nítorí aráyé, ó di ìgbà tí èèyàn bá balẹ̀ lọ́hùn-ún kí ará ilé rẹ̀ tó gbọ́. Ọmọ kàn béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni: "Ṣé kò ráyè dágbére fún mi ni?"

Láti ìgbà náà ló ti ń fa irun orí ara rẹ̀ tu. Ẹ̀gbẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá tán. Tíṣà rẹ̀ ní kì í kọ nǹkan kan sínú ìwé mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó kúrò ní ilé ìwé, ó wọkọ̀ lọ sí Challenge níbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Èkó, nítorí ó gbọ́ pé Èkó ni bàálù Kánádà ti ń gbéra. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ló rí i níbẹ̀, ó mú un wálé. Ìyẹn ló gbé wa dé ilé ìwòsàn ìjọba kan lọ́nà Ring Road, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò balẹ̀.

Nimotallahi lorúkọ nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Màmá, ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ó wà ní Kánádà. Ọmọ ń wo ẹnu mi. Nọ́ọ̀sì fún un ní pẹ́ńsù aláwọ̀, ó ní kó lọ yàwòrán lọ́dọ̀ obìnrin tó ń gba káàdì. Nígbà tó jáde, mo sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ni yóò sọ fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀."

"Nígbà wo?"

Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Olúrótìmí wá láti Bódìjà lẹ́yìn iṣẹ́. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un.

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́wàá! Kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ikú ṣe?"

"Ohun tí àwa náà ń fi í ṣe."

"Ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánwò tán ná."

"Ìdánwò wo? Ìwé òfìfo ló ń fún tíṣà."

Ó tún ní, "Ilé ìwòsàn yẹn gan-an, ta ló ní kí ẹ mú un lọ síbẹ̀? Tí ará ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́, wọn á ní wèrè wà nílé wa, nílé Ayẹni. Ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú?"

Mo ní, "Ẹni tó bá wà láàyè ni wọ́n ń fẹ́."

Ó mu omi, ó lọ. Ó fi ìrẹsì sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le jù fún un, ìrẹsì ló máa ń gbé wá.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò láti àárọ̀. Ògì díẹ̀ ló lá, ó ní ó tó. Kò fa irun.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ béèrè àlàáfíà ọmọ. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì mi ní kí n kí yín, mà."

Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ wò mí. Àwọn ni wọ́n lọ síbi ìsìnkú. Èmi kò lọ. Òbí kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n mọ̀ jù mí lọ nípa ọmọ tí mo bí. Ẹnìkan wúkọ́. Ìyá Ìjọ ní, "A dúpẹ́ o, bá wa kí i."

Nígbà tí a délé, mo ní, "Mọ́mì wo ló ní kí o kí wọn?"

Ó yọ fóònù kékeré tí ìyá rẹ̀ rà fún un jáde. Mo pe Olúkẹ́mi kó bá mi kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Ẹwà mi, jẹun dáadáa. Máa gbọ́ ti Màmá àgbà. Iṣẹ́ pọ̀ níbí. Bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì."

Òkú kì í tẹ fóònù. Mo rán ọmọ lọ ra iyọ̀, mo ní kí Olúkẹ́mi pe Ọmọ́fẹ́ fún mi. Ọmọ́fẹ́ ni àbíkẹ́yìn mi, Baṣọ̀run ló ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọsibítù.

"Ìwọ ni?"

Ó ní, "Màmá, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ń sunkún sínú fóònù. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe?"

"Kí o pa fóònù náà."

"Mo pa á. Mo tún tàn án."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Gààrí tún gbówó lórí. Ọmọ jẹ ẹ̀bà tán, ó béèrè ẹja sí i. Mo fún un ní tèmi. Ọmọ́fẹ́ kò tíì pa fóònù. Mo mọ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ẹnu tó ń jẹun kọ́ lèèyàn ń dí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ilé ìwòsàn. Èrò kún bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan láti apá Òkè-Ògùn jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọkùnrin tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí àwọn ajínigbé wọ oko wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá, kí ló ṣe tiyín?"

Ẹwàolúwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Ìyá rẹ̀ lọ sí Kánádà."

Obìnrin náà wo ọmọ tirẹ̀, ó wo tèmi. Ó ní, "Ẹ máa dúpẹ́."

Mo sọ ọ̀rọ̀ fóònù fún nọ́ọ̀sì. Inú bí i. Kò pariwo, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tínú ń bí.

"Màmá, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń dá lóhùn á fẹ́ lọ bá a. Ẹ̀ ń fi ọ̀nà hàn án ni."

"Ó ń jẹun."

"Ó ń jẹun kó lè lágbára láti rìn." Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti sunkún?"

Mo ní, ṣé èmi ni aláìsàn?

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá

Ọmọ́fẹ́ ṣèlérí pé òun yóò máa dín ìdáhùn kù díẹ̀díẹ̀, pé òun yóò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa lọ́hùn-ún. Ọmọ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo jí, ibùsùn rẹ̀ ṣófo. Aṣọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kò sí lórí ìkọ́. Ó ti múra bí ẹni tó ń lọ pàdé àlejò.

Mo gbá ilẹ̀kùn Olúkẹ́mi títí ó fi jí. Ó pe Ọmọ́fẹ́. Ọmọ́fẹ́ kọ́kọ́ ní òun kò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún. Ọmọ ti sọ fún "ìyá" rẹ̀ pé bí kò bá wá, òun kò ní jẹun mọ́ láé. Ẹ̀rù ba Ọmọ́fẹ́, ó dáhùn pé, "Jẹun. Màá dé ní Sátidé."

Ó jẹun o. Lánàá, ó jẹ abọ́ méjì. Mo tiẹ̀ ń yọ̀.

Olúkẹ́mi lọ sí Ṣàngó, ó lọ sí ẹnu géètì Yunifásítì, ó ń fi àwòrán ọmọ han àwọn ọlọ́kadà. Èmi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Wọ́n ní kí n mú ẹni tó bí ọmọ wá. Mo ní ó ti kú. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo tún dìde, mo lọ.

Ọjọ́ ti kanrí kí fóònù tó dún, kì í sì í ṣe tèmi. Fóònù òkú ló dún lọ́wọ́ Ọmọ́fẹ́, tó ti wá bá mi nílé. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní Challenge, Islamiat, ló tẹ nọ́ńbà tó wà lókè pátápátá nínú fóònù ọmọ. Ó ní, "Ṣé ìyá Ẹwà nìyí?" Ọmọ́fẹ́ ní òun kò mọ ohun tí òun ì bá sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi àti Ọmọ́fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọmọ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn búrẹ́dì. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, kò wo ojú wa. Ó ń wo ẹ̀yìn wa, inú kẹ̀kẹ́, bóyá ẹnìkan ṣì kù tó máa sọ̀ kalẹ̀.

Islamiat fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọmọ ti wà níbẹ̀ láti ìdájí, ó ń wo ojú gbogbo obìnrin tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkùnrin kan wá bá a, ó ní òun mọ ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí, pé òun yóò gbé e débẹ̀. Ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò.

"Màmá, mo kàn ń lọgun ni! Mo ní, 'Ìwọ ọkùnrin yìí, níbo lò ń mú ọmọ mi lọ?' Ó ní, 'Ṣé ọmọ ẹ ni?' Mo ní, 'Èmi ni mo bí i, ìyá ẹ ló gbẹ̀bí ẹ̀!' Àwọn awakọ̀ bá dìde. Ó fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀, ó wa mọ́tò lọ. Ẹ má bínú pé mo ní èmi ni mo bí i."

Mo ní, "Ìwọ lo bí i lónìí."

Kò gba owó. Ó fún ọmọ ní búrẹ́dì. Ọmọ gbé e sórí itan dé ilé, kò bù ú.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí àwọn ọmọ mi méjèèjì wá. Olúkẹ́mi mú Ẹwàolúwa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Olúrótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ọmọ́fẹ́. "Ìwọ lo fẹ́ pa á! Àbí orí ẹ ò pé ni?"

Ọmọ́fẹ́ ní, "Ẹ̀yin lẹ ní Kánádà, Bọ̀ọ̀dá. Èmi kàn ń bá yín gbé irọ́ náà ni. Ó wúwo."

Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Mo ní èmi ni n ó sọ fún un, lọ́jọ́rú, níwájú nọ́ọ̀sì.

Olúrótìmí ní, "Màmá, ìyá kọ́ ló ń túfọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò sí níbì kankan."

Mo ní kó dárúkọ ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́, kí n lọ mú un wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó ní, "Ẹ má sọ pé ó sùn, kò ní sùn mọ́. Ẹ má ní ó rìnrìn àjò, ẹ ti sọ ìyẹn. Ẹ má ní Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe mú un, á máa sá fún Ọlọ́run. Ẹ ní ó kú."

Ọmọ jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Mo ní, "Ẹwàolúwa, ìyá ẹ kò lọ sí Kánádà. Ìyá ẹ kú."

Kò sunkún. Ó ní, "Nígbà wo?"

"Oṣù kẹjọ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò jí mọ́."

Mo rí i pé ó ń ka nǹkan sẹ́yìn. Ó wá béèrè ohun tí n kò múra sílẹ̀ fún. Ó ní, "Ta ló ń dá mi lóhùn?"

Mo wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kò ràn mí lọ́wọ́. Mo ní, "Àǹtí Ọmọ́fẹ́ ni."

Ó yọ fóònù nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì nọ́ọ̀sì, ó tì í kúrò níwájú ara rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan, bí ohun tó dọ̀tí. Nígbà tí a ń lọ, kò mú un. Èmi náà kò mú un.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ní mo se ìrẹsì. Ó lọ ṣí ìkòkò wò. Mo ní òjò ti dá. Ó yọjú sí fèrèsé. Kò gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu mi mọ́. N kò bínú. Ẹni tó ti jábọ́ lórí àkàbà kan kì í gbàgbé rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọmọ́fẹ́ wá. Ọmọ kí i, ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ń jáde lọ. Ọmọ́fẹ́ ní, "Ẹwà mi, dúró."

Ọmọ yíjú padà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń kọ ọ́."

Ọmọ́fẹ́ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, àgbà fún ọmọdé, ó ń bẹ̀bẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì sọ pé kó dìde. Ọmọ wò ó. Ó wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Olúkẹ́mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi òróró pa ibi tí irun ti tu. Ó ní ó ti ń hù díẹ̀. Mo wò ó dáadáa, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ sọ nǹkan kan fún nọ́ọ̀sì tí kò sọ fún mi. Ó ní bóyá ikú náà tún ni irọ́. Bóyá ìyá òun wà ní Kánádà lóòótọ́, tí kò fẹ́ òun mọ́, tí wọ́n wá ní kí wọ́n sọ pé ó kú. Ó ní bó bá kú, ibo ló wà?

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ mú un débẹ̀, Màmá."

Mo ní n kò mọ ibẹ̀. Mo ní òbí kì í dé ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

A pe ọmọ wọlé, a bi í bóyá yóò tẹ̀lé Dádì Bódìjà, bó ṣe ń pe Olúrótìmí. Ó ní, "Dádì Bódìjà náà ló ní Kánádà." Ó ní bí kì í bá ṣe Màmá àgbà, òun kò lọ.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó kú."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo rí báàgì ilé ìwé rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìwé kan níbẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ní àárọ̀ yìí, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, mo ń lọ."

"Níbo?"

"Challenge. Àfi tí ẹ bá fi ibi tó wà hàn mí."

Kò tíì sọ fún mi kó tó lọ rí. Mo ní kó jókòó. Mo ní kí Olúkẹ́mi pe Olúrótìmí.

"Gbé mọ́tò wá. O máa mú wa lọ síbi tí ẹ sin Fèyísọ́lá sí."

"Màmá! Ẹ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ó lè pa yín."

Mo ní, "Bó bá pa mí, ẹ ó sin mí. Ẹ ṣáà mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Ó dé. Kò gbé ìrẹsì wá. Ó gbé wa lọ sí itẹ́ òkú ní Ṣàngó. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Ibojì àwọn kan ní òkúta dídán. Ti ọmọ mi kò tíì ní, pákó méjì ni wọ́n fi ṣe àgbélébùú, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sí i. Mo ti rò pé ibojì náà yóò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fèyísọ́lá ga.

Olúrótìmí di apá mi mú, ó ní, "Màmá, ẹ kọjú síbí. Ẹ má wò ó."

Mo wò ó.

Ọmọ lọ síwájú. Ó ka ohun tó wà lára pákó náà sókè, gbogbo orúkọ ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń dán nǹkan wò bóyá ó le. Ìgbà náà ni ẹkún bọ́ lẹ́nu rẹ̀. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọdé rí. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán dáwọ́ dúró.

Olúrótìmí fẹ́ lọ gbé e. Mo fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi dí i lọ́nà.

Ó pẹ́ kí ọmọ tó gbójú sókè. Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé mo lè jókòó tì í?"

Mo ní kó jókòó. Orúnkún mi kò fẹ́ tẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà jókòó sórí erùpẹ̀. Olúrótìmí bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ sí mi létí pé àwọn ènìyàn ń wò wá.

Mo ní kí wọ́n máa wò.